Súwíìṣì Inú Ọ̀pá Géèmù: Ìtàn Yíyàn Rẹ̀ àti Pípààrọ̀ Rẹ̀



Mo mọ̀ dájú pé orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí yóò ṣe àwọn mìíràn nínú yín ní kàyéfì. Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn òwò ni a sábà máa ń gbọ́ ní irú ibi báyìí. Kí ni ó wá gbé ìtàn ohun kan tí kò ju oríkèé ìka méjì lọ dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Álímì? Ìdáhùn mi kò gùn. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ìtàn ìlú, ìlú yìí gan-an sì gba orúkọ rẹ̀ láti ara iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin náà mọ òkúta tí ó wà ní agboolé Asájú ní Ìdí-Àpẹ́, níbi tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti sọ fún wa pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó a máa lọ irin rẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń pe ibẹ̀ ní ibi ìlọ irin. Ẹni tí ó lọ irin rẹ̀ lórí òkúta ti pinnu pé òun kò ní í ju irin náà nù. Ojú irin ni ó kú, ara rẹ̀ kò kú; bí a bá dá ojú náà padà, irin tún di ohun èlò.

Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyí: ta ni ó ń pinnu pé ohun tí ó gbó yóò di títúnṣe tàbí pé yóò di jíjù nù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó ni nǹkan ni, tàbí atúnṣe tí a gbé e lọ bá. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan náà ti pinnu rẹ̀ kí nǹkan náà tó jáde kúrò ní ilé iṣẹ́, àti pé ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún un ni ó mú un pinnu bẹ́ẹ̀. N kò mọ ibi tí èyí ti hàn kedere tó inú ọ̀pá tí a fi ń ṣe eré géèmù, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni súwíìṣì ń ṣe nínú ẹ̀rọ tí ó wà ní gbọ̀ngàn ìta àti nínú èyí tí ó wà ní yàrá ilé, síbẹ̀ ọ̀kan ṣeé pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, èkejì kò sì ṣeé fọwọ́ kàn.

Súwíìṣì ewé

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí wọn kò fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rọ géèmù olówó-ẹyọ jẹ́ àpótí gíga kan tí ó ní gíláàsì bí ti tẹlifíṣọ̀n lókè. Nísàlẹ̀ gíláàsì náà ni pákó kan wà, níbi tí ọ̀pá kan dúró sí pẹ̀lú bọ́tìnnì mélòó kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣeré a ju owó ẹyọ sínú ihò, a di ọ̀pá náà mú, a sì máa fi darí àwòrán tí ń rìn nínú gíláàsì. Lábẹ́ pákó, níbi tí ojú kò tó, súwíìṣì mẹ́rin ni ó yí ìdí ọ̀pá ká. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ sí apá kan, ìdí rẹ̀ a tẹ súwíìṣì kan. Bí ó bá tẹ̀ sí igun, a tẹ méjì pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ ọ̀pá, bí ọwọ́ bá tì í síwájú, ẹ̀yìn ni ìdí rẹ̀ ń lọ, nítorí náà súwíìṣì tí ó wà lẹ́yìn ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé “síwájú”. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá ronú kan èyí yóò yọ súwíìṣì tí kò ṣe nǹkan kan dànù, yóò sì fi èyí tí ó bàjẹ́ sílẹ̀.

Súwíìṣì kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ahunṣọ wa kò ní í rò pé ọ̀rọ̀ méjì kéré. Ẹni tí ó jókòó sídìí òfì kì í fi ọwọ́ gbé òwú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ̀sẹ̀ ni ó ń tẹ̀, tí apá kan òwú yóò lọ sókè, tí apá kejì yóò lọ sísàlẹ̀, tí ọkọ̀ yóò sì gba àárín wọn kọjá. Láti inú lílọ sókè àti lílọ sísàlẹ̀ yìí ni a ti rí sányán, àlàárì àti ẹtù.

Irú súwíìṣì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ géèmù Amẹ́ríkà níbẹ̀rẹ̀ ni èmi yóò pè ní súwíìṣì ewé, nítorí pé irin pẹlẹbẹ méjì tí ó fẹ́lẹ́ bí ewé ni, tí wọ́n dojú kọ ara wọn láìfara kanra. Bí ìdí ọ̀pá bá ti ọ̀kan, a lọ bá èkejì, iná mànàmáná a sì kọjá. A kò hùmọ̀ rẹ̀ nítorí géèmù orí gíláàsì. Ó ti pẹ́ nínú àwọn àpótí onígíláàsì tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù irin kékeré, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Chicago ń ṣe. Ní ọdún 1947 ni ilé iṣẹ́ Gottlieb fi apá tí ń gbá bọ́ọ̀lù padà sínú ẹ̀rọ wọn tí wọ́n pè ní Humpty Dumpty, láti ìgbà náà ni ọwọ́ ẹni tí ń ṣeré sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì kíkankíkan. Nígbà tí géèmù orí gíláàsì dé ní ọdún 1971 àti 1972, àwọn tí ń tún àpótí bọ́ọ̀lù irin ṣe náà ni wọ́n gbé e fún. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n sì ń bá nínú rẹ̀.

Ẹwà súwíìṣì ewé ni pé ojú ń rí i. Bí eruku bá bo ojú tí irin méjèèjì ti ń pàdé, atúnṣe a ki páálí tí ó le díẹ̀ bọ àárín wọn, a tẹ̀ wọ́n pọ̀, a sì fa páálí náà jáde. Ìdọ̀tí a bá a jáde. Bí ewé bá ti tẹ̀ jù, a fi ẹnu ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ padà. Ìyọnu rẹ̀ náà sì nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú, àti pé ibi tí ẹni kan bá tẹ̀ ẹ́ dé, ẹlòmíràn lè má fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Géèmù Pac-Man tí Toru Iwatani ṣe fún ilé iṣẹ́ Namco ní Japan ní ọdún 1980, tí ilé iṣẹ́ Midway sì tà káàkiri Amẹ́ríkà, súwíìṣì ewé ni ó wà nídìí ọ̀pá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣe é nígbà náà ṣì ń sọ pé ọ̀pá rẹ̀ kì í pariwo, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n ń fi páálí nu ojú irin lálaalẹ́.

Láti Freeport dé Kyoto

Èkejì ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí “micro switch”. Ní Freeport, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ McGall, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Burgess Battery, hùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1932. Ní ọdún 1937, iṣẹ́ náà di ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí ń jẹ́ Micro Switch, Honeywell sì rà á ní ọdún 1950. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ yẹ fún àlàyé. Nínú àpótí ike kékeré kan ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, bàbà tí a pò mọ́ beryllium kí ó lè máa ta padà láìgbó kíákíá. Orí kékeré kan yọ jáde láti inú àpótí náà. Bí a bá ń tẹ orí yìí díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi kan, irin inú rẹ̀ a ta lójijì bí ẹbìtì tí ẹran kan ọ̀pá rẹ̀, a sì fò láti ojú kan sí ojú kejì. Ì báà jẹ́ pé ọwọ́ yára, ì báà jẹ́ pé ó lọ́ra, títa rẹ̀ kò yí padà. Ìdí nìyí tí iná kò fi ń rí àyè jó ojú ìpàdé náà bí ó ti ń jó ti súwíìṣì tí ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó ti ń ta àti ibi tí ó ti ń padà kì í sì í ṣe ibì kan náà. Àyè díẹ̀ wà láàárín wọn, èyí ni kì í jẹ́ kí ó máa ṣiyèméjì bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n.

Ní Japan, Kazuma Tateishi dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Osaka ní ọdún 1933. Ní ọdún 1943, láàárín ogun, ilé iṣẹ́ yìí ṣe súwíìṣì irú èyí àkọ́kọ́ ní Japan. Lẹ́yìn ogun ó gbilẹ̀ ní Kyoto, ó sì mú orúkọ tuntun, Omron, láti ara orúkọ àdúgbò Omuro tí ó wà nínú ìlú náà. Ní Illinois ẹ̀wẹ̀, Walter Cherry dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1953. Súwíìṣì Cherry ni ó di mímọ̀ jù lábẹ́ bọ́tìnnì àti ọ̀pá géèmù Amẹ́ríkà. Ẹ wò ó bí ibi wọ̀nyí ti súnmọ́ra: Freeport, àwọn ilé iṣẹ́ Chicago, Wico ní ìlú Niles tí ń ta ohun àpààrọ̀ fún àwọn olówó ẹ̀rọ, gbogbo wọn wà ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Bí àwọn amọ̀kòkò ti pọ̀ sí Dàda ní Òkèlele, tí ẹni tí ó bá fẹ́ amọ̀ tàbí iná kì í rìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe súwíìṣì yìí tí ó ní géèmù lọ́kàn. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti àpótí tí ń ta ohun mímu fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún. Nítorí náà ni ìwọ̀n rẹ̀ fi di ọ̀kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù gùn ní mìlímítà 27.8, ó ga ní 15.9, ó sì nípọn ní 10.3; ihò ìdè méjì tí ó wà lára rẹ̀ jìnnà síra ní 22.2 ní gígùn. Ẹni tí súwíìṣì Cherry bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lè fi ti Omron tàbí ti Honeywell sí i, yóò sì bá ihò rẹ̀ mu. Ilé iṣẹ́ géèmù lè kú, kí géèmù rẹ̀ má sì kú, nítorí pé ohun tí ń gbó nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà nìkan.

Owó ẹyọ

Ìtàn kan wà tí gbogbo òpìtàn géèmù mọ̀. Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Atari gbé ẹ̀rọ Pong àkọ́kọ́ sí ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Andy Capp's ní Sunnyvale, ní California. Láìpẹ́ ọjọ́, wọ́n ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Al Alcorn tí ó ṣe é lọ wò ó. Nígbà tí ó ṣí i, kò sí wáyà tí ó já. Owó ẹyọ ni ó kún ohun tí wọ́n fi ń gbà á ní ìsàlẹ̀, tí ó sì há ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. A máa ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn bí géèmù ti gba ọkàn ènìyàn tó. Èmi rí ohun mìíràn nínú rẹ̀: ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni ó lọ ṣí i, nítorí pé ní gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ náà fi kú, kò sí owó tí ń wọlé.

Èyí ni ó ṣe òfin gbọ̀ngàn géèmù. Olówó ẹ̀rọ kì í ta ẹ̀rọ fún ẹni tí ń ṣeré. Wákàtí ni ó ń tà fún un. Bí súwíìṣì òsì bá kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ yóò kó owó wọn lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe pákó ọ̀pá kí ó lè ṣí bí ìdérí àpótí. Nítorí náà ni súwíìṣì fi ní ihò ìdè méjì péré, tí wáyà rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ọn bí kò ṣe èyí tí a ń ki bọ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a sì lè fi ọwọ́ fà yọ. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá gbàgbé òfin yìí, ọjà a máa rán an létí. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ Capcom gbé Street Fighter jáde pẹ̀lú rọ́bà ńlá méjì tí a ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù: bí a bá ṣe lù ú le tó ni ìkúùkù inú gíláàsì yóò ṣe le tó. Àwọn ọmọ fi gbogbo agbára wọn lù ú, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ fún wọn. Kò pẹ́ tí irú èyí tí ó ní bọ́tìnnì mẹ́fà fi gba ipò rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́fà náà ni ó sì wà lára Street Fighter II tí ó gba ayé kan ní ọdún 1991.

Yíyàn àti pípààrọ̀

Èyí ni ibi tí mo ti fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà láàárín wa fara balẹ̀ bá mi gbọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àìdára ohun èlò jẹ́ àṣìyàn.

Lára súwíìṣì ni a ti ń kọ iye iná tí ó lè gbà. Ẹni tí ó dé ìsọ̀ tí ó rí èyí tí a kọ 15 sí àti èyí tí a kọ 0.1 sí, yóò mú 15, yóò sọ pé òun ni ó lágbára. Lójú ẹ̀rọ ìfọṣọ, òótọ́ ni. Lójú géèmù, irọ́ ni. Fàdákà ni a sábà máa ń fi ṣe ojú ìpàdé súwíìṣì alágbára, fàdákà a sì máa dúdú bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí òrùka ìyàwó ti ń dúdú nínú àpótí. Bí iná ńlá bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ìtàpàrà kékeré tí ń ṣẹlẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ta yóò máa jó dúdú náà kúrò. Ṣùgbọ́n iná tí ń gba súwíìṣì ẹ̀rọ géèmù kọjá kò ju fóòtì 5 lọ, kò sì fi ibì kankan tó ohun tí yóò tanná sí gílóòbù kékeré. Kò lè jó nǹkan kan kúrò. Dúdú náà yóò máa pọ̀ sí i, títí ọ̀pá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lẹ́ẹ̀kan kí ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Súwíìṣì tí ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a fi wúrà bo ojú ìpàdé rẹ̀, nítorí pé wúrà kì í dúdú. Òun náà ni a kọ nọ́ńbà kékeré sí lára. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ tí a pè é sí.

Lẹ́yìn èyí ni wíwúwo. Gíráàmù ni a fi ń wọn agbára tí a nílò kí súwíìṣì tó ta, ó sì lè jẹ́ 25, ó lè jẹ́ 75, ó lè ju 200 lọ. Èyí tí ó fúyẹ́ jù a máa ta nígbà tí ọwọ́ kàn sinmi lé ọ̀pá lásán. Èyí tí ó wúwo jù a máa dá ọwọ́ lágara. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé sípíríǹgì àárín ọ̀pá náà ní agbára tirẹ̀, méjèèjì ni ọwọ́ sì ń bá jà pọ̀. Ní Japan, wọ́n fẹ́ràn ọ̀pá tí ó rọ̀, irú èyí tí Sanwa àti Seimitsu ń ṣe, tí orí rẹ̀ rí róbótó bí ọsàn. Ní Korea, rọ́bà ni ó ń dá ọ̀pá padà sí àárín dípò sípíríǹgì. Ní Amẹ́ríkà, orí ọ̀pá gùn, ó sì le lọ́wọ́. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ohun tí ó burú ni kí atúnṣe fi ìwọ̀n mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìdí ọ̀pá kan náà nítorí pé mẹ́rin náà ni ó bá nínú àpótí rẹ̀.

Ní ti pípààrọ̀ rẹ̀, kí a kọ́kọ́ pa iná. Kí a wo ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó wà lára súwíìṣì: ọ̀kan ni ti gbogbogbòò, tí a kọ COM sí, ọ̀kan ni NO, tí kì í gba iná kọjá àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹta ni NC, tí ń gbà á kọjá àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pá géèmù ń lò. Bí a bá ki wáyà bọ NC, àwòrán yóò máa rìn lọ sí apá kan láìsí ọwọ́ lórí ọ̀pá. Kí a fi mítà wò ó kí a tó dá a lẹ́bi. Bí súwíìṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má ṣe lọ ra mẹ́rin: wáyà gbogbogbòò ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì ni, bí ó bá sì já níbẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn tí ó wà níwájú kú nìyẹn. Kí a sì wo ìdí ọ̀pá fúnra rẹ̀, nítorí pé ike tí ń tẹ súwíìṣì a máa jẹ, súwíìṣì tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ a sì jìyà rẹ̀.

Páàdì dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹ̀rọ olówó-ẹyọ kò wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú wa rí. Iná mànàmáná wà nínú ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹyọ fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀ ní ọdún 1973, owó onírin ṣì ní láárí; lẹ́yìn tí iye náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, díẹ̀díẹ̀ ni ó parẹ́ lọ́jà. Ní ọdún 2007, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé owó ẹyọ tuntun jáde, kọ́bọ̀ 50, náírà 1 àti náírà 2, ọjà kò sì gbà á. Ẹ̀rọ tí ń jẹ owó ẹyọ kò lè yè níbi tí owó ẹyọ ti kú.

Ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni géèmù inú ilé: àwọn ẹ̀dà Famicom tí a ń ṣe ní Taiwan àti Ṣáínà, Sega, lẹ́yìn náà PlayStation tí ó jáde ní ọdún 1994 àti èkejì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2000. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀. Àwọn oníṣòwò wa sì ṣe ohun tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò ronú kàn. Wọ́n gba yàrá kan, wọ́n to tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì jókòó ti aago: ọmọ tí ó bá sanwó yóò ṣe bọ́ọ̀lù kan, tàbí ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì dìde fún ẹlòmíràn. Gbọ̀ngàn géèmù ni wọ́n dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun èlò yàrá ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ohun tí a ṣe fún ọmọ kan tàbí méjì ní ìrọ̀lẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ ogójì ọmọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páàdì kò sì ní súwíìṣì kan tí a lè yọ. Láti ọdún 1978 tí Atari ti ń ta ọ̀pá CX40 rẹ̀ fún àwọn onílé, irin kékeré tí ó rí bí ìdérí ìgò, tí a lẹ̀ mọ́ pátákó wáyà, ni ó gba ipò súwíìṣì. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà dé: ẹyọ rọ́bà kan tí ó ní kókó mélòó kan, tí a fi kábọ̀n sí ìdí kókó kọ̀ọ̀kan, tí ń lọ kan ojú wáyà bí a bá tẹ bọ́tìnnì. Ó dín owó kù púpọ̀, kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n bí kábọ̀n ìdí kókó kan bá jẹ, kò sí ibi tí a ti ń ra kókó kan. Nintendo fúnra wọn tọ́ ìyà rẹ̀ wò ní Japan. Famicom àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1983 ní bọ́tìnnì rọ́bà onígun mẹ́rin tí ó máa ń há. Wáyà páàdì rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀rọ lọ tààrà, kò ṣeé fà yọ lẹ́nu ìta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí bọ́tìnnì náà sí róbótó.

N kò sọ pé ìkà ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún onílé ti gba owó rẹ̀ tán lọ́jọ́ tí ó tà á. Ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi kú kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀ ni oníṣòwò yàrá géèmù wa, ẹni tí ó jókòó bí olówó ẹ̀rọ Amẹ́ríkà láìní pákó tí ń ṣí. Ọ̀dọ̀ atúnṣe ni ó ń gbé e lọ.

Ọgbọ́n tí àwọn atúnṣe náà dá yẹ ní kíkọ sílẹ̀, nítorí pé kò sí ìwé tí ó kọ́ wọn. Mo ti rí àwọn tí ń gé kábọ̀n láti ara rọ́bà páàdì tí ó ti kú, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti alààyè. Mo ti rí bébà fàdákà inú páálí sìgá tí a gé róbótó láti fi ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì ń pẹ́ ju bí ènìyàn ti rò lọ. Nídìí àga atúnṣe kan ní Táńkè, mo bá àpò ìrẹsì kan tí ó kún fún òkú páàdì. Ó sọ fún mi pé òun kì í ju ọ̀kan nù, nítorí pé bí ọwọ́ òsì bá kú, ọwọ́ ọ̀tún ṣì lè wúlò. Bí wọ́n bá fẹ́ ohun tuntun, Alaba tàbí Computer Village ní Ikeja ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, owó ọkọ̀ sì lè ju owó ohun náà lọ.

Ìyípadà tí ó tún dé lẹ́yìn náà le ju ti rọ́bà lọ. Ọ̀pá kékeré méjì tí a ń fi àtàǹpàkò yí lára páàdì òde òní kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́; ó ń sọ iye tí ó tẹ̀. Kábọ̀n ni irin ń ha nínú rẹ̀ láti mọ iye náà, kábọ̀n náà a sì máa jẹ, títí ọ̀pá yóò fi máa rìn fúnra rẹ̀. Nintendo ta ẹ̀rọ kan jáde ní ọdún 2017, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ni Switch. Àrùn yìí ni ó mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù láti ọdún 2019, ọ̀gá rẹ̀, Shuntaro Furukawa, sì tọrọ àforíjì ní ọdún 2020. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ti wà tipẹ́. Edwin Hall rí i ní ọdún 1879 pé òòfà a máa fi ipa sílẹ̀ lára iná tí ń gba inú irin kọjá. Ẹni tí ó bá fi òòfà sí ìdí ọ̀pá lè mọ ibi tí ọ̀pá wà láìsí ohun tí ń ha ohun kan. Sega lò ó nínú páàdì Dreamcast ní ọdún 1998. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá lẹ́yìn kò lò ó, nítorí pé kábọ̀n kò wọ́n.

Òfin náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Minnesota àti California ṣòfin ní ọdún 2023 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa ta ohun àpààrọ̀ àti ìwé àlàyé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn méjèèjì yọ ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀.

Ní báyìí, a lè ra ọ̀pá kékeré olóòfà lọ́jà, àwọn atúnṣe wa sì ti ń rà á. Súwíìṣì ọ̀pá gbọ̀ngàn ní ìdè méjì, ó sì ní wáyà méjì tí ọwọ́ ń fà yọ. Ọ̀pá páàdì ní ẹsẹ̀ 14 tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ pátákó, gbogbo wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ yọ́ dáadáa kí ọ̀kan tó lè kúrò láìfa wáyà pátákó ya. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ yóò kọ́kọ́ ba páàdì mélòó kan jẹ́. Láti inú àpò ìrẹsì yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń mú wọn fún un.